Irin Tó Sùn Nínú Dúrọ́ọ̀

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ra ìwé yìí nítorí pé bí mi ò bá kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, màá sọ ọ́ síta, bí mo bá sì sọ ọ́ síta, wọ́n á ní mò ń jowú. Mò ń jowú. Ó ti wà lákọsílẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀gá pe èmi àti Ìyàwó wọ ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀. Bàbá Ìléru, tó ń bá wa yọ́ irin, ló sọ ọmọbìnrin náà ní Ìyàwó lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tó sì sọ èmi ní Ìyáálé lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ilé-iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé wọ́n ń wò mí.

Ọ̀gá ní àwọn olówó tó fẹ́ wo ẹ̀rọ amóhuntutù wa ń bọ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ní, irin ẹnì kan ṣoṣo ló máa wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù náà la máa wọn tèmi àti ti Ìyàwó. Ẹni tí tirẹ̀ bá wọlé á wà nídìí iṣẹ́ yìí fún ọdún márùn-ún. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá wọlé á kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka símẹ́ǹtì lẹ́yìnkùlé, á máa fọ́ búlọ́ọ̀kù wò bóyá ó le.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà lẹ́nu irin yìí. Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń po èròjà bíi lántánọ́ọ̀mù àti sílíkọ́nì mọ́ irin, tí mò ń fún un ní gáàsì háídírójìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń rọ ọmọ lóògùn, títí tó fi gbà láti máa ṣiṣẹ́ nínú ooru tí èèyàn lè gbé inú rẹ̀. Ìyàwó lo oṣù mẹ́ta. Wọ́n ti fẹ́ gbé àwa méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ọ̀gá tún ní kí n bu ìdajì irin mi fún un kó lè máa fi wé tirẹ̀. Mo ní, "Ó dáa, sà." Ẹnu mi ló sọ ọ́.

Èyí tó dùn mí jù kò ju báyìí lọ. "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè bá wa..." ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Bó ṣe kọjú sí Ìyàwó, ó ní, "Ìwọ, ṣé o ti jẹun?" Ọdún mẹ́fà, kò bi mí rí bóyá mo ti jẹun.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Mo wọn irin náà sínú agolo méjì, ọgọ́ta gíráàmù fún un, ọgọ́ta fún mi. Ó wù mí kí n bu èyí tó ti di ìyẹ̀fun fún un, kí n mú èyí tó ṣe hóró-hóró, àmọ́ Bàbá Ìléru dúró tì mí, kò ṣẹ́jú.

Ìyàwó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú nípa ọmọ yìí nìyẹn, kì í jẹ́ kí èèyàn rí ibi tó máa ti bú u.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí tiyín pẹ́ lójú kan nínú yàrá yìí. Irú rẹ̀ kì í fẹ́ sùn síbi tí kò gbóná tí kò tutù. Ẹ gbé e síbi tó gbóná díẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Mo kà á níbì kan ni. Òun ló jẹ́ kí n fi èròjà mángánísì sínú tèmi, kí n sì fún un ní háídírójìn ní àmuyó."

Kí n gbé e síbi tó gbóná. Ibi tó gbóná ní yàrá ìwádìí wa ni inú ófùnù, ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀ gan-an ni ófùnù sì wà. Ṣé ojú mi fọ́ ni? Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, mo ti agolo mi mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ẹ̀wọ̀n ọrùn mi.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò láti àárọ̀ dalẹ́. Mo fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Amúlétutù yàrá ìwádìí bàjẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá ní kí n pe ọkọ mi, torí pé kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ amúlétutù àti fíríìjì tó o ládùúgbò yìí. Ó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ dé ní aago mẹ́sàn-án. Ohun èèlò kan tó ń rà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́dún tó kọjá ti di ẹgbẹ̀rún méje.

Bàbá Ìléru jókòó tì í, ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yín ni obìnrin ilé yín fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín?"

"Mo mọ̀," ọkọ mi ní. "Ó ní irin kan wà, bí òòfà bá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á gbóná, bí òòfà bá kúrò, á tutù. Wọ́n á fi omi gbé ooru rẹ̀ dànù, wọ́n á fi omi mìíràn gba òtútù rẹ̀ lò. Kò sí gáàsì, kò sí ariwo. Kò sí èmi náà nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ó ṣe iṣẹ́ náà débi pé amúlétutù kò yẹ̀ mọ́: ìwọ̀n ooru 22 láàárọ̀, 22 lọ́sàn-án, 22 nírọ̀lẹ́. Ìwọ̀n 22 gan-an ni irin mi ti máa ń ṣiṣẹ́ jù, mo sì gbà á bí àmì rere.

Ìyàwó gbé omi fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó ní, "Ọmọ dáadáa lọmọ yẹn o." Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Ìyàwó gbàgbé ìwé kan sórí ẹ̀rọ ìwọ̀n. Mi ò yọjú wò ó. Ó kàn wà lójú ọ̀nà mi ni. Bí a bá wọn irin wa, iṣẹ́ rẹ̀ á yà sórí ìwé bí òkè, bí òkè náà bá ṣe ga tó ni irin náà ṣe lè mú nǹkan tutù tó. Òkè ti Ìyàwó kúrú. Ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin kúrú sí tèmi.

Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí. Ẹ̀rín ni mo fi sanwó rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀gá jẹ nínú bisikíìtì Ìyàwó, ó tún bèèrè ibi tó ti rà á. Mo gbé bisikíìtì tèmi padà sílé láìtú u.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Mò ń lọ aṣọ. Ọkọ mi jókòó síbi tí ọwọ́ mi kò ti lè tó o, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ó fẹ́ sọ nǹkan.

"Ìyá àwọn ọmọ, irin tí o tì mọ́ dúrọ́ọ̀ yẹn. Ó dáa, o kò fẹ́ kí ọmọ yẹn wò ó. Ìwọ fúnra rẹ, ìgbà wo lo wò ó kẹ́yìn?"

"Kí ni mo tún fẹ́ wò lára ohun tí mo mọ̀?"

"Mo kàn bèèrè ni. Fíríìjì tí wọn kì í ṣí ló máa ń rùn jù."

Mo ní kó gbé fíríìjì rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi. Ìbínú jẹ́ kí n jó ṣẹ́ẹ̀tì kan lápá. Tirẹ̀ ni, ó tọ́ sí i.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kẹsàn-án



Mo ṣí dúrọ́ọ̀ lónìí kí n lè wọn irin mi, kí n múra sílẹ̀ de ọjọ́ 10. Òkè kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán ló máa ń yà. Òkè méjì ló yà lónìí, méjì kúkúrú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àárín wọn ṣófo bí ibi tí eyín ti yọ. Mo wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Méjì. Mo wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Méjì. "Òrìṣà jẹ́ n pé méjì," obìnrin kò dénú. Àdúrà tí obìnrin kì í gbà dénú ni irin mi lọ gbà lẹ́yìn mi.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni Ìyàwó. Mo tọ Bàbá Ìléru lọ. Mo ní, "Wọ́n ti ba irin mi jẹ́."

"Ta ló bà á jẹ́?"

"Ẹ̀yin náà mọ ẹni náà."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ yẹn, ọrùn ta ló wà láti ọjọ́ yìí?"

Mo fọwọ́ kan ọrùn mi.

"Ìyáálé, ẹ rọra o. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n èyí tí ìyáálé fi na ara rẹ̀, mi ò mọ ibi tí wọ́n ń fi í sí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Ká ní Ìyàwó ló ṣe é ni, ara ì bá tù mí.

Mo wá ìwé tó ní òun kà. Mo rí i. Ojú ewé kẹrin, kedere: irú irin mi, tí wọn kò fún ní háídírójìn yó, bí ó bá pẹ́ nínú ooru tó ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, háídírójìn inú rẹ̀ á ṣí kúrò láyè rẹ̀. Apá kan á ní púpọ̀, apá kan á ní díẹ̀. Irin kan á di méjì. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi tì í mọ́ 22, níbi tí kò gbóná tí kò tutù. Ọkọ mi ló tún amúlétutù ṣe. Èmi ni mo ti dúrọ́ọ̀. Ìyàwó kìlọ̀ fún mi lórí ìkúnlẹ̀, mo sì fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Ìwé náà ní bí wọ́n bá gbé e síbi tó gbóná, á padà di ọ̀kan. Wọn kò sọ bó ṣe máa pẹ́ tó fún irú tèmi. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Ófùnù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Ìyàwó, mi ò lè gbé e síbẹ̀ kó má bi mí.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Mo gbé agolo náà dé ìdajì ọ̀nà, mo padà. Ìtìjú.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Mo dúró títí Ìyàwó fi jáde lọ gba ìwé, mo sáré ṣí ófùnù. Agolo kan wà nínú rẹ̀, ohun tí mo fọwọ́ mi kọ sì wà lára rẹ̀. Ìdajì tí mo bù fún un ni.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi. "Ẹ̀gbọ́n, tiyín nìyẹn. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fún mi ló ti wà níbẹ̀. Ṣíbí kékeré kan péré ni mo bù wọ̀n."

"Kí ló dé tí o fi ń tọ́jú rẹ̀?"

"Ṣé kí n jẹ́ kó bàjẹ́ ni?"

Bó ṣe sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ yẹn ló tú mi. Mo sọ fún un: òkè méjì, dúrọ́ọ̀, ìwé tó kà, gbogbo rẹ̀. Mò ń wo ẹnu rẹ̀ bóyá á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi aṣọ mú agolo tó gbóná náà, ó nà án sí mi.

"Èyí ni kí ẹ wọ̀n lọ́jọ́ 10."

"Bí mo bá wọn èyí, ìwọ lo máa lọ sí símẹ́ǹtì."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì ń nà án sí mi."

"Ẹ̀gbọ́n, bí tèmi bá wọlé nígbà tí tiyín ń ṣàìsàn, kì í ṣe èmi ni mo borí yín. Dúrọ́ọ̀ ló borí yín. Mi ò lè máa bá dúrọ́ọ̀ pín iyì."

Mo gbà á. Mi ò kúnlẹ̀, àmọ́ ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. A gbé èyí tó ń ṣàìsàn wọ inú ófùnù dípò rẹ̀.

Mo rò pé owú náà á lọ lẹ́yìn èyí. Kò lọ. Ó tún ga sí i. Tẹ́lẹ̀, ó kàn gbọ́n jù mí lọ ni. Ní báyìí, ó tún níwà jù mí lọ. Èwo ni kí n wá mú níbẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Òkè méjì ti ń sún mọ́ra. Ó ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó ló kọ́kọ́ rí i, ó pè mí. Mo ní mo ti rí i. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá

Irin inú agolo tí Ìyàwó tọ́jú ni mo wọ̀n. Òkè kan ṣoṣo, gígùn, ṣánṣán. Tirẹ̀ kúrú. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́." Ìyàwó ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Bàbá Ìléru ní, "Ìyáálé ti gba ilé rẹ̀." Mo ra ẹran lójú ọ̀nà, èyí tó dáa.

Ẹran náà kò dùn tó bí mo ṣe rò.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Obìnrin kan gbé fíríìjì wá fún ọkọ mi ní ìta wa. Mò ń gbọ́ wọn láti ibi ìdáná. Obìnrin náà ní òun kì í lò ó nílòkulò, bí òun bá rìnrìn àjò, òun máa ń pa á, ó lè tó oṣù kan kí òun tó tàn án.

"Kò sí ohun tó burú níbẹ̀," ọkọ mi ní. "Fíríìjì wo ni kì í sinmi?"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi.

Fíríìjì wo ni kì í sinmi? Bí irin mi bá wà nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, ooru yàrá ló máa sinmi sí. Á tún sùn bó ṣe sùn nínú dúrọ́ọ̀, á tún di méjì. Kì í ṣe lọ́jọ́ 17 o. Lọ́jọ́ 17, á tutù, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nínú ilé ẹlòmíràn, ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dójú tini. Ti Ìyàwó ti yó háídírójìn, kò sí ibi tí háídírójìn rẹ̀ máa ṣí lọ. Ó kúrú, àmọ́ ó lè sùn kó sì jí.

Ọ̀gá kò mọ̀. Àwọn olówó kò mọ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń ronú pé bí mo bá pa ẹnu mọ́, ta ló máa sọ ọ́?

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹwàá

Mo kọ́kọ́ lọ bá Ìyàwó. Mo ní, "O mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá sinmi, irin mi á pín."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Láti ìgbà wo?"

Mo ṣírò rẹ̀ fúnra mi. Láti ọjọ́ kẹta oṣù tó kọjá ni.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún Ọ̀gá?"

"Irin yín ni. Ẹnu yín ló yẹ kó ti jáde."

Mo bínú sí i. Ká ní ó ti lọ rojọ́ mi ni, ǹ bá ti rí ohun tí màá dì mú, ǹ bá pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kan ilẹ̀kùn.

Mo sọ ọ́ lórí ìdúró. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ?"

"Mo mọ̀, sà. Tèmi ga, àmọ́ kò lè sinmi. Tirẹ̀ kúrú, àmọ́ ó lè sinmi. Fíríìjì máa ń sinmi. Ẹ fi tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ."

"Símẹ́ǹtì ńkọ́?"

"Mo rántí, sà."

Ó wo ìwé tí òkè gíga mi wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun. Mi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Òòfà ń yí, omi ń lọ, omi ń bọ̀, kò sí ariwo. Ife omi tí wọ́n gbé sínú rẹ̀ tutù débi pé ìrì bò ó lára. Àwọn olówó ń fọwọ́ kàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé. Ọ̀kan nínú wọn bi Ìyàwó bó ṣe ṣe é.

Ó nawọ́ sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣe irin bí wọ́n bá tì í mọ́lé."

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni àbí èébú. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá

Símẹ́ǹtì. Eruku wà nínú irun mi, nínú etí mi, nínú tíì mi. Ọkùnrin méjì la jọ wà níbẹ̀. Wọ́n ń fọ́ búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀, wọ́n ń kọ ìwọ̀n ẹrù tí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan gbé kó tó fọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní Màmá. Ófùnù ńlá kan wà tí wọ́n fi ń gbẹ búlọ́ọ̀kù, ìwọ̀n ooru rẹ̀ wà ní 60.

"Ẹ kì í pa á?" mo bi wọ́n.

"A kì í pa á, Màmá."

"Bí ọdún bá dé ńkọ́?"

Wọ́n wo ara wọn. "Màmá, a kì í pa á."

Lọ́sàn-án, Ìyàwó sáré gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, aṣọ dì mọ́ nǹkan kan láyà rẹ̀. Agolo mi méjèèjì ni. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ̀gbọ́n, mo sáré kí wọ́n má bàa tutù lọ́nà. Wọ́n ti kó nǹkan mìíràn wọ inú ófùnù yàrá ìwádìí." Ó ní èyí tó ṣàìsàn ti padà di òkè kan ṣoṣo, òun wọn ọ́n láàárọ̀ yìí. Ó ní bí a bá wá bí a ṣe máa fún un ní mángánísì láìjẹ́ pé ó kúrú, òun rò pé á lè sinmi. Ó ní "a".

Mo gbé agolo méjèèjì sínú ófùnù búlọ́ọ̀kù, sí ìdí pátápátá. Mo wo ilẹ̀kùn rẹ̀ yí ká. Kò ní kọ́kọ́rọ́, kò tilẹ̀ ní ihò tí wọ́n á ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀.

Ìyàwó dúró síbẹ̀, eruku ti bo bàtà rẹ̀ dídán, kò mọ̀ bóyá kó jókòó tàbí kó máa lọ. Mo ṣì ń jowú rẹ̀. Mo nu àga kan fún un, mo bi í bóyá ó ti jẹun.